Àkẹtẹ̀ Dókítà Purdom

Ní ìlú Kelso, kò sẹ́ni tó ń bi Dókítà Gideon Purdom léèrè bóyá aláìsàn máa yè. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Tó bá wọ yàrá aláìsàn, á bọ́ àkẹtẹ̀ dúdú onígun mẹ́ta náà, á gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara àga náà. Bí àkẹtẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ìrètí wà. Àmọ́ ọjọ́ tó bá dìde, tó gbé e, tó tẹrí ba fún baálé ilé, tó ní, “Ẹ ránṣẹ́ pe àlùfáà,” ó ti parí nìyẹn. Àwọn obìnrin á ti bú sẹ́kún kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn, àwọn tó gbọ́n nínú wọn á sì ti rán ẹnìkan lọ sọ́dọ̀ káfíńtà.

Kì í ṣe òun ló dá àṣà náà sílẹ̀. Gbogbo oníṣègùn tó kàwé láyé ìgbà náà ló ń ṣe é. Bí ikú bá ti ń wọlé, oníṣègùn a máa jáde, ọ̀rọ̀ a wá kù sọ́wọ́ àlùfáà àti àwọn obìnrin. Wọ́n ní oníṣègùn tó bá jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, orí òkú ló ti ń jẹun, orúkọ rẹ̀ á sì bá òkú wọ sàréè. Ẹ gbọ́ ná! Èèyàn sá fún òkú nítorí orúkọ, ó wá pe eré tó sá ní ọgbọ́n. Bó ti wù kó rí, Gideon Purdom ló kó ọgbọ́n náà sínú ìwé. Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn pàtàkì, òun náà ló sì tú ilé rẹ̀ ká.

Ọmọ ọlọ́lọ ni. Etí odò Tweed ni bàbá rẹ̀ ti ń lọ ọkà fún àwọn àgbẹ̀, ìyẹ̀fun ni ọmọ náà fi ń pawọ́ funfun láti kékeré. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, olùkọ́ ilé ìwé rí i, bàbá sì ta ohun tó ṣeé tà títí ọmọ fi dé ilẹ̀ àwọn Hóláǹdì lọ kọ́ ìṣègùn. Nígbà tó padà dé, ó ti ń wọ wíìgì, Látìnì sì ń yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi í wẹ̀. Oníṣègùn bíi tirẹ̀ kì í fọwọ́ kan egbò. Oníṣẹ́ abẹ ló ń gé, apoògùn ló ń gún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wo ojú, kí ó wo ahọ́n, kí ó di ọrùn ọwọ́ mú, kí ó ronú, kí ó sì sọ̀rọ̀ bí àgbà. Gideon sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ó wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn.

Marion ló fẹ́, ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń fò lórí òkúta odò nígbà tí wọn kò tíì ní eyín tán. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n sin èyí tó kẹ́yìn, wọn kò sọ̀rọ̀ ọmọ mọ́, ìwé ni wọ́n jọ ń tọ́. Mo ní wọ́n jọ ń tọ́ ọ nítorí pé ìkọ̀wé Gideon kò ṣeé kà rárá. Àwọn apoògùn ìlú máa ń sọ pé adìẹ ni Dókítà gbà bí akọ̀wé. Nítorí náà, ohun gbogbo tó bá kọ sílẹ̀, Marion ni yóò jókòó tì í lójú fèrèsé, tí yóò sì tún un kọ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́jú, kí onítẹ̀wé ní Edinburgh tó lè rí i kà.

Ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn oníṣègùn ọ̀dọ́ ni: bí wọn yóò ṣe wọ ilé aláìsàn, bí wọn yóò ṣe jókòó, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ sọ létí ìyàwó ilé. Marion ń dá a kọ, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó bá dùn. Lọ́jọ́ tó kan orí tó sọ nípa ìgbà tó yẹ kí oníṣègùn kúrò, ó gbé ìyẹ́ ìkọ̀wé sílẹ̀.

“Gideon, ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ kí n kọ eléyìí?”

“Èwo nìyẹn?”

“Pé kí oníṣègùn gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ kí ikú tó gbé ẹrù tirẹ̀.”

Gideon rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn gbólóhùn náà gan-an. “Ó dùn létí, àbí kò dùn?”

“Ó dùn létí ẹni tára ẹ̀ le. Nígbà tí màmá mi ń lọ, dókítà kí wa dáadáa, ó tẹrí ba, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá ń pè é o. Orúkọ ẹ̀ ló ń pè, kì í ṣe tèmi tí mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.”

“Kí ni kí ó wá ṣe? Kò kúkú sí oògùn ikú.”

“Kó jókòó ni. Ṣé ìjókòó náà ṣòro ni?”

“Marion, ìyẹn iṣẹ́ obìnrin.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ obìnrin.” Ó na ọwọ́. “Gbé e wá jàre, jẹ́ kí n kọ ọ́. Obìnrin náà ni mí.”

Ó kọ ọ́ tán. Ó tún kọ èyí tó tẹ̀ lé e, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti sọ pé bí ìbátan aláìsàn kan bá wà tó mọ ìṣègùn, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde, nítorí pé ojú rẹ̀ yóò tú àṣírí fún ẹni tó wà lórí ibùsùn.

Ìwé jáde, ìwé sì tà. Àwọn oníṣègùn ńlá Edinburgh ń kọ̀wé ìyìn sí i. Ilé ìwé ìṣègùn kan ń fi orí tó sọ nípa àkẹtẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn olówó tí kì í kí ọmọ ọlọ́lọ tẹ́lẹ̀ wá ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé e lọ jẹun. Ẹ wo bí àkẹtẹ̀ lásán ṣe gbé èèyàn ga.

Ọ̀rọ̀ Nichol Hislop ló wá dé. Nichol ni ọkùnrin tó ń rán gàárì ẹṣin lójú ọjà, alágbára, aláwàdà. Ibà dá a dùbúlẹ̀ nígbà òtútù, Gideon sì ń lọ wò ó. Nígbà tó yá, ibà náà já, ara rẹ̀ ń tutù, ó sì ní kí ìyàwó òun ro ẹ̀kọ fún òun, kí ó má fi iyọ̀ ṣahun. Gideon jókòó tì í, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ronú pé òun kò ní í nílò láti padà wá mọ́. Àfi bí ọmọ ọ̀dọ̀ baálẹ̀ agbègbè náà ṣe sáré ẹṣin dé, tó ń pariwo nísàlẹ̀ pé ìyàwó ọ̀gá òun ń rọbí, ọmọ kò sì wá. Gideon fò sókè. Ó já àkẹtẹ̀ gbà lórí àga, ó tẹrí ba nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, ó sì sáré jáde láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Nichol rí i. “Ó ti gbé e,” ló sọ. Ó yíjú sí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ dé. “Nichol, ẹ dìde, ẹ jẹun. Iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa.”

“Ibo ni kí n jẹ ẹ́ lọ?” ni ọkùnrin náà dáhùn. Kò jẹ, kò mu, kò yíjú padà mọ́. Nígbà tí Gideon fi máa kúrò nílé baálẹ̀ tó sì yà wo Nichol, wọ́n ti di òkú rẹ̀.

Gideon dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òkú ẹni tó fi sílẹ̀ láàyè. Obìnrin opó náà sáré wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́. “Dókítà, ẹ kúkú ti rí i! Àwa ń rò pé ó ti ń yá, a ò mọ̀ pé ẹ̀yin ti rí i. Bí ẹ ṣe gbé àkẹtẹ̀ yẹn báyìí, mo mọ̀ pé ó tán. Ọlọ́run ló fún yín lójú yẹn.”

Ó la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ara ọkọ rẹ̀ ti ń yá, pé ìyàwó ẹlòmíì tó ń rọbí ni òun sáré lọ bá. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Kelso ti gbọ́ pé ojú Dókítà Purdom kì í tàsé, ó ń rí ikú nígbà tí ikú fúnra rẹ̀ kò tíì pinnu.

Ó sọ fún Marion. Marion ń yí àkàrà ọkà lójú irin gbígbóná, kò sì yíjú kúrò nídìí iná.

“Lọ sọ fún obìnrin náà.”

“Kí n sọ pé kí ni? Pé àkẹtẹ̀ mi ló pa ọkọ ẹ̀?”

“Kí o sọ pé o ṣèèṣì. Èèyàn ń ṣèèṣì.”

“Á dùn ún ju báyìí lọ, Marion. Báyìí, ó gbà pé Ọlọ́run ló mú un.”

“Ṣé òun ló máa dùn, àbí ìwọ?”

Gideon kò lọ. Ó tún ṣe ju kíkọ̀ láti lọ. Nígbà tí onítẹ̀wé fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Gideon fi ìtàn kan kún un: ọkùnrin kan tó ń rán gàárì, tí gbogbo ará ilé rí i pé ó ti ń gbádùn, ṣùgbọ́n tí oníṣègùn nìkan rí àmì ikú lójú rẹ̀, tó sì gbé àkẹtẹ̀ rẹ̀ lákòókò. Marion kà á. Lẹ́yìn náà ló ki ìyẹ́ bọ tádáwà, ó sì dà á kọ, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò ya á dànù. Àwọn ọkùnrin kan wà tí ìyàwó wọn máa ń bá wọn gbé irọ́ bí ẹni ń bá wọn gbé àpótí, tí wọn kì í sì í wẹ̀yìn wo ta ló wà ní ìdí kejì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní Kelso, ẹsẹ̀ rọ òtítọ́ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí ewé ń rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́dún mìíràn, ibà kan náà wọ ìlú, ó sì mú Marion. Oníṣègùn kì í wo ìyàwó ara rẹ̀, nítorí náà Gideon ké sí Walter Chisholm, oníṣègùn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Edinburgh. Onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni Chisholm, ó sì bọ̀wọ̀ fún Gideon débi pé irú wíìgì tó ń wọ̀ ni òun náà ń wọ̀. Ó mọ ìwé ọ̀gá rẹ̀ sórí.

Kí ibà tó gbé ohùn Marion lọ, ó pe ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Gideon, mo mọ ìwé rẹ jù ẹ́ lọ. Èmi ni mo kọ ọ́. Má ṣe é sí mi o.”

“Kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe?”

“O mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ pé mo ń lọ, jókòó. Má jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára mi, má wàásù. Ṣáà jókòó níbi tí mo ti lè rí ẹ.”

“Mo gbọ́. Mi ò ní kúrò.”

“Ṣé òótọ́?”

“Marion, èmi rèé. Ibo ni mo ń lọ?”

Ó jókòó lóòótọ́. Ó bá a fi omi tu ẹnu, òun tí kì í fọwọ́ kan ju ọrùn ọwọ́ aláìsàn lọ. Títí di ọjọ́ tí ìka Marion bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ ibùsùn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kò sí oníṣègùn tí kò mọ̀ pé àmì ikú nìyẹn. Chisholm di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dìde. Àlùfáà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, olórí ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì kún orí àtẹ̀gùn. Chisholm gbé àkẹtẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ti Gideon, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i bí ọmọ tó ń gbé omi fún bàbá rẹ̀.

“Ọ̀gá mi,” ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Ojú yín ń sọ̀rọ̀.”

Gideon wo Marion. Ojú Marion là sílẹ̀, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Gideon sọ: “Mò ń jókòó.” Gbogbo ayé ló ń dúró de ohun tó máa ṣe, olórí ìlú, àlùfáà, ọmọkùnrin tó fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Bó bá jókòó, irọ́ ni ìwé rẹ̀, irọ́ sì ni ikú Nichol Hislop. Ẹ̀rù sì tún ń bà á, ká sọ òtítọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti fi ń jáde kí ó tó kan ibi tó le, kò mọ bí èèyàn ṣe ń wo ibi tó le. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn máa sọ̀ kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lè túká, òun á sì tún gòkè padà. Ó gba àkẹtẹ̀ náà. Ó tẹrí ba. Ó jáde.

Nígbà tí àwọn tó wà lójú títì rí i pẹ̀lú àkẹtẹ̀ lórí, ẹkún sọ. Chisholm di apá rẹ̀ mú títí dé ilé Chisholm fúnra rẹ̀, ó fi wáìnì sí i lọ́wọ́, ó ń kí i kú ìrọ́jú. Gideon jókòó síbẹ̀. Kò gòkè padà.

Lókè, Effie Kerss àti àwọn obìnrin àdúgbò ti wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun. Wọ́n dá aago ńlá dúró, bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé òkú. Wọ́n fi aṣọ bo jígí. Effie ń wá ibi tí yóò gbé àwo iyọ̀ tí wọ́n máa ń gbé lé òkú láyà sí, nígbà tí ohùn kan tó ti há jáde láti orí ibùsùn.

“Effie, ta ló kú?”

Effie ju àwo iyọ̀ sílẹ̀. Ó pariwo débi pé àwọn tó ń sunkún nísàlẹ̀ dákẹ́.

“Ẹ fún mi lómi,” ni Marion wí. “Kí ẹ sì jẹ́ kí aago yẹn máa lọ, ẹ̀yin aláìnísùúrù wọ̀nyí.”

Báyìí ni Marion ṣe kọ̀ tí kò kú. Ibà náà já lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí wọ́n sáré lọ sọ fún Gideon, ó sáré débi pé wíìgì rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀ lójú ọjà, kò sì yà láti mú un. Ó gun òkè, ó já wọlé pẹ̀lú orí pípá rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Effie ń fi ṣíbí fún Marion ní omi ọkà mu. Marion wò ó láti òkè délẹ̀.

“Dókítà, ẹ káàbọ̀,” ló sọ. “Ẹ jókòó. Àga wà níbẹ̀ yẹn.”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń fò lórí òkúta odò, kò tíì pè é ní Dókítà rí. Kò sì tún pè é ní Gideon mọ́ láyé.

Nígbà tó ti lè jókòó sí ìdí iná, Gideon kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Marion, bú mi. Gbá mi létí. Ṣe nǹkan kan.”

“Kí ni mo fẹ́ bú yín fún? Ohun tí ẹ kọ lẹ ṣe. Èmi ni mo rò pé ìwé lásán ni.”

“Mo fẹ́ padà wá. Mo búra, mo fẹ́ padà.”

“Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn, Dókítà. Mo ní, á yí padà. Mo ní, á yí padà báyìí. Nígbà tí mi ò gbọ́ ọ mọ́, inú bí mi. Ẹ ò lè mọ bí inú ṣe bí mi tó. Ìbínú yẹn ni mo mu bí oògùn.” Ó tún aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. “Nichol Hislop gbà yín gbọ́, ó kú. Èmi ò gbà yín gbọ́ mọ́, mo yè. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Gideon gbé sùn, tó gbé jí. Ó ní òun máa tún orí ìwé náà kọ, òun á sọ òtítọ́ nípa Nichol, òun á sọ ohun tí òun ṣe sí ìyàwó òun, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa tẹ̀ lé òun mọ́. Ó kọ ọ́. Ó gbé e lọ fún Marion.

“Bá mi dà á kọ.”

“Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì,” ni Marion fèsì. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí ìkọ̀wé rẹ̀ kéré bí ẹyin eèrà ló ń kà ní ojoojúmọ́.

Gideon fi èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́. Onítẹ̀wé dá a padà pé kò sí ẹ̀dá tó lè kà á, ó sì tẹ ìwé náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àkẹtẹ̀, pẹ̀lú Nichol, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ẹ ó ní ṣé kò lè gba akọ̀wé ni? Ó lè gbà á. Ó ní òun fẹ́ kí ó ti ọwọ́ Marion jáde ni. Àwáwí ni lójú tèmi. Ó rọrùn láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí i kà.

Ohun tó ṣe dípò rẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ilé tó bá wọ̀, bí ikú bá tilẹ̀ ti dé, kò dìde mọ́. Ẹ rò pé àwọn èèyàn á dúpẹ́? Inú bí wọn ni. Àkẹtẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

“Kí ló ń jókòó ṣe?” ni àgbẹ̀ kan bèèrè níṣojú rẹ̀. “Dókítà, bó bá máa kú, ẹ sọ ká mọ̀. Bó bá máa yè, ẹ sọ ká mọ̀. Ẹ kàn jókòó bí ẹyẹlé lórí òrùlé!”

Opó Nichol pàápàá ń sọ ọ́ lọ́jà pé ojú Dókítà ti kú, pé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti jí padà ni Ọlọ́run ti gba ẹ̀bùn náà kúrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yà lọ sọ́dọ̀ Chisholm, tó ṣì ń gbé àkẹtẹ̀ lákòókò bó ṣe yẹ. Àwọn aláìní nìkan ló kù fún Gideon, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń dúró tì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan ó ti ọ̀dọ̀ darandaran arúgbó kan dé, ẹni tó di ìka rẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Mo dúró dé òpin, Marion.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ yín wà lórí iná.”

“Kò le tó bí mo ṣe rò. Ìjókòó lásán ni.”

“Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nígbà kan.”

Ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. “Tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ẹ, ṣé wàá jẹ́ kí n jókòó?”

Marion dìde. Ó bu ọbẹ̀ sínú àwo, ó gbé ṣíbí tì í, ó sì ti àga sún fún un. “Ẹ jẹun, Dókítà, kó má bàa tutù.” Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé pọ̀. Kò sí ìjà, aṣọ rẹ̀ mọ́, oúnjẹ kò pẹ́ rí. Àwọn ará ìlú ń fi ilé wọn ṣàpẹẹrẹ.

Nígbà tí Marion mọ̀ pé nǹkan kan ń hù nínú ọyàn òun, kò sọ fún un. Bí òtútù ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, ó di ẹrù kékeré kan, ó bẹ ọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ẹlẹ́ṣin kó ẹrù lọ sí Jedburgh pé kí ó gbé òun dé ọ̀dọ̀ Bethia àbúrò òun. Gideon wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Ó dé, ó bá ilé ní gbígbá, ó bá oúnjẹ lábẹ́ àwo. Ó rò pé ó yà kí àbúrò rẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ọlọ́mọlanke pé obìnrin náà kò lè dìde mọ́.

Ó gun ẹṣin sáré dé Jedburgh. Bethia ló ṣílẹ̀kùn, kò ṣí i tán.

“Ó ní rárá, Dókítà.”

“Bethia, ìyàwó mi ni.”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò fẹ́ tọ́jú ẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo kàn fẹ́ jókòó.”

“Mo mọ̀, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.” Omi ń bọ́ lójú Bethia, kò nù ún. “Ó ní tí ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé òun ò bínú mọ́. Ó ní ìbínú ti tán tipẹ́. Ó kàn ní tí ẹ bá wà nínú yàrá, òun á máa wo ilẹ̀kùn ni, bóyá ẹ fẹ́ lọ. Kò fẹ́ kú báyẹn.”

Gideon kò jà. Àpáta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà tí àwọn ará ilé fi ń jókòó bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀, orí rẹ̀ ló jókòó sí. Òjò rọ̀, ó jókòó. Bethia gbé búrẹ́dì wá, kò jẹ ẹ́. Àwọn tó ń kọjá rò pé alágbe ni, ẹnìkan tilẹ̀ ju owó kékeré sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, á wọ ilé ẹṣin lọ sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún padà sórí àpáta. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń rìn nínú ilé. Ó gbọ́ ohùn Marion lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣàwàdà kan fún Bethia, Bethia sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún. Kò gbọ́ ohun tí àwàdà náà jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fèrèsé òkè ṣí gbàgà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ bí ẹ̀mí bá ti jáde, kí ó lè rí ọ̀nà lọ. Gideon dìde dúró, ó gbójú sókè, kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bethia tó jáde wá. Ó fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó, kò sí ìkanra lójú rẹ̀ rárá.

“Dókítà,” ló sọ, “ẹ lè máa lọ báyìí.”